Ọjà, Ewé àti Eré: Ibi Tí Ìṣẹ̀ṣe Ń Gbé Kí Ó Tó Di Ọjọ́ Ọdún

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ àwọn oníṣẹ̀ṣe àti àwọn olùfẹ́ àṣà)

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà irúnmọlẹ̀ tọ̀tún-tòsì. Mo júbà ẹ̀yin ìyá wa. Mo júbà àwọn tí ó ti ṣáájú wa rin ọ̀nà yìí. Kí ìbà mi ṣẹ, kí ẹnu mi má ṣì sọ.

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ará ìlú kékeré ṣe ń ra ọjà, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara wọn nínú ilé, àti bí wọ́n ṣe ń ṣeré láyé àtijọ́. Òfìkì ni mo fi ọkàn sí bí mo ti ń ronú rẹ̀. Òfìkì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn, òun àti odò Òfìkì tí ń ṣàn lọ bá odò Ògùn sì jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Kì í ṣe ìlú ńlá bíi Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi mú un. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ṣe, ààfin ńlá àti ojúbọ tí òkìkí rẹ̀ kàn ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Bẹ́ẹ̀, nínú irú ìlú báyìí ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa gbé, tí wọ́n jẹ, tí wọ́n mu, tí wọ́n bímọ, tí wọ́n sì bọ òrìṣà wọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Láyé ìgbà náà, ìṣẹ̀ṣe kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń lọ bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ó wà nínú ọjà, ó wà nínú ìkòkò àgbo, ó sì wà lábẹ́ òṣùpá níbi tí àwọn ọmọdé ti ń pàlọ́. Ibi mẹ́ta wọ̀nyí ni ó gbé e ró. Lónìí, a ti ń gba ọjọ́ ọdún wa padà díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá sì ti fi í ṣe ọjọ́ ìsinmi. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ọjọ́ kan padà tí a sì jẹ́ kí ọjọ́ yòókù bọ́ sọ́nù, kí ni ọjọ́ kan náà yóò dúró lé?

Ọjọ́ ọjà, ọjọ́ òrìṣà

Ẹ jẹ́ kí a ti ọjà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá: Ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ifá, Ọjọ́ Ògún, Ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó, àti Ọjọ́ Ọ̀ṣẹ̀ tí í ṣe ti Ọbàtálá. Àwọn baba wa a máa ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ èyí tí wọ́n ń lọ bá. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pe ọjà tí ó ń padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ní ọjà ọrọọrún, tí èyí tí ó ń padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ń jẹ́ ọjà ìsán, tí ìtàdógún tí àwọn awo fi ń pàdé sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gẹ́lẹ́.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún ará ìlú. Obìnrin tí ó mọ ọjọ́ tí ọjà bọ́ sí ti mọ ọjọ́ òrìṣà ilé rẹ̀, láìsí pé ẹnìkan gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sí ara ògiri fún un. Bí ó ti ń ka ọjọ́ tí yóò gbé èlùbọ́ lọ tà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ka ọjọ́ tí yóò fi obì àti omi tútù síwájú òrìṣà. Ìṣirò kan ṣoṣo ni. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin yìí sì ń yí po ní ìgbà 91 nínú ọdún kan. Ẹ fi ìyẹn wé ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹjọ.

Ìdè tí ó wà láàárín ọjà àti òrìṣà kò mọ síbẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó kọ ọ́ pé nínú àwọn ìyá ààfin Ọ̀yọ́ ni Ẹni-Ọjà wà. Òun ni olórí gbogbo àwọn tí ń bọ Èṣù nínú ìlú, òun náà ni ó sì ń ṣe àkóso ọjà ọba. Oyè kan ni, ènìyàn kan ni. Kò yani lẹ́nu. Èṣù ni ó ni oríta, oríta sì ni ọjà: ibẹ̀ ni ẹni tí kò mọra ti ń pàdé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti lè dùn, tí ó sì ti lè dìjà. Ẹni tí yóò ṣe alákòóso irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń tu Èṣù lójú.

Kí ni ẹni tí ó bá ná ọjà ní Òkè-Ògùn yóò rí? Yóò rí iṣu àti èlùbọ́, ọkà bàbà, ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà, nítorí ilẹ̀ àgbẹ̀ ni. Yóò rí irú láti ara igi igbá, yóò sì rí òrí, nítorí inú ọ̀dàn ni àwọn igi méjèèjì yìí ti ń ṣe dáadáa. Àwọn obìnrin Fúlàní yóò gbé wàrà wá. Alágbẹ̀dẹ yóò pàtẹ ọkọ́ àti àdá. Aṣọ òfì yóò ti ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wá, àwọn tí a fi Ìsẹ́yìn mọ̀ títí dòní. Iyọ̀ ni ó máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń bọ̀wọ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀.

Ọjà nìkan kọ́ ni ènìyàn ti ń rà á. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀ tàbí ìyá kan yóò to iṣu tàbí èso sí ẹ̀bá ọ̀nà, yóò ka òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹni tí ń kọjá lè mọ iye owó, yóò sì bá iṣẹ́ oko rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò san iye rẹ̀ sílẹ̀, yóò gbé ọjà rẹ̀. Ọlọ́jà yóò bá owó rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ó bá padà dé. Kì í ṣe pé àwọn ará ìgbà náà kò mọ olè. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ní orúkọ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko kéré, ẹni tí ó ń rìn ín kò pọ̀, olè sì mọ̀ pé ojú Ògún àti ojú ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ìwà nínú ẹsẹ Ifá, ibi ìdí iṣu mẹ́ta ni wọ́n ti ń dán an wò.

Àwìn náà wà, èènì sì wà tí ọlọ́jà fi ń sọ pé, "Padà wá o." Nígbà tí ọ̀rúndún ogún wọlé, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ ń kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń tà láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kì í sì í dìde títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ "òṣómàálò." Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ a bọ́ sínú èsúsú. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú gbé èsúsú yìí dá òkun kọjá. Títí dòní ni wọ́n ń pè é ní "susu" ní Trinidad.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ ẹrú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó korò. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ogójì ni wọ́n ń sín mọ́ okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ìṣirò tí ó jinlẹ̀ ni, a sì ní ẹ̀tọ́ láti fi yangàn. Ṣùgbọ́n erékùṣù Maldives, nínú òkun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Íńdíà, ni ọ̀pọ̀ nínú owó ẹyọ náà ti wá. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó ni ó ń kó o wá sí etíkun, wọ́n sì fi ń ra ènìyàn. Bí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé ayé àtijọ́ dára, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi èyí pamọ́ fún wọn. Owó ẹyọ tí a fi ń dífá ni wọ́n fi ra ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ń jí àṣà dìde gbọ́dọ̀ mọ èyí tí òun yóò jí àti èyí tí òun yóò fi sílẹ̀ nínú ibojì.

Ewé tí a mọ̀, àti ewé tí a kàn mọ orúkọ rẹ̀

Ilé ni ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí òtútù bá mú ọmọ, ìyá rẹ̀ yóò yọ́ òrí, yóò fi pa á lára. Bí inú bá ń run àgbàlagbà, wọn yóò já ẹfinrin. Bí ikọ́ bá ń yọ ẹnìkan lẹ́nu, wọn yóò fún un ní orógbó jẹ. Àdín wà nínú ilé fún ara ọmọ, ṣùgbọ́n gbogbo ọlọ́rìṣà ni ó mọ̀ pé èèwọ̀ Èṣù ni, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò gbé e dé ìdí yangí. Òdúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin jẹ́ ewé ẹ̀rọ̀. Ohun tí ó bá gbóná ni wọ́n fi ń tù, ìbáà jẹ́ ara, ìbáà jẹ́ orí. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti inú ilé lọ, wọn yóò lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ tàbí lékulẹ́jà nínú ọjà. Bí ó bá tún ju tiwọn lọ, ó di ọ̀dọ̀ babaláwo tàbí ọ̀dọ̀ ọlọ́sanyìn. Ìpele ni ó wà. Ìyá inú ilé mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, ìmọ̀ yẹn pẹ̀lú jẹ́ apá kan nínú ìṣègùn.

Àwọn baba wa kì í sì í ṣe ẹni tí ó dijú sí ohun tuntun. Dóngóyárò tí gbogbo wa ń sè fún ibà kì í ṣe igi ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti wá, nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a sì ti gba orúkọ tí a ń pè é. Wọ́n rí i, wọ́n tọ́ ọ wò, ó korò, wọ́n dán an wò, wọ́n gbà á. Bákan náà ni a fi gbẹ́rẹ́ àti àjẹsára ṣe mọ ohun tí abẹ́rẹ́ òyìnbó fẹ́ ṣe, tí a fi ń pè é ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa.

Pierre Fátúmbí Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó di babaláwo, lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín wa, ó ń kọ ewé sílẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, *Ewé*, tí ó jáde ní 1995, ó fi hàn pé orúkọ ewé, iṣẹ́ tí ewé ń ṣe àti ọfọ̀ tí a ń pè sí i so mọ́ ara wọn: ìró inú orúkọ ewé ni ó ń pe iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbàgbé orúkọ ewé ní èdè Yorùbá kò gbàgbé ọ̀rọ̀ lásán. Ó ti sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù.

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Tu Youyou ń wá oògùn ibà ní nǹkan bí 1971. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mọ ewé tí àwọn baba ńlá wọn ń lò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi iná sí i, agbára rẹ̀ kì í dúró. Ó padà sínú ìwé Ge Hong, oníṣègùn kan tí ó gbé ayé ní ohun tí ó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí Ge Hong kọ ni pé kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a sì mu omi rẹ̀. Kò ní kí a sè é. Ibẹ̀ ni ojú Tu Youyou ti là. Oògùn tí ó ti ibẹ̀ jáde ni gbogbo ayé fi ń wo ibà lónìí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ẹ kíyè sí i: ohun tí ó ṣọ̀wọ́n kì í ṣe orúkọ ewé, bí kò ṣe bí a ṣe ń lò ó. Ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé ewé kan ń wo ibà, tí kò lè sọ bóyá ewé ni tàbí egbò, tútù ni tàbí gbígbẹ, sísè ni tàbí rírẹ, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ, ìdajì yẹn sì lè pa ènìyàn.

Mo sọ pé ó lè pani, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Láàárín wa, àgbo kan wà fún gìrì ọmọdé tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe. Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè dá èémí rẹ̀ dúró. Kí a máa gbèjà irú èyí nítorí pé ó jẹ́ tiwa kì í ṣe ìfẹ́ àṣà. Ọ̀sanyìn kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ láti pa ọmọ. Ẹni tí ó sì ń kó ìgò àgbo kan kiri ibùdókọ̀, tí ó ń pariwo pé ó ń wo ogún àrùn, ìyá inú ilé ní Òfìkì àtijọ́ ìbá ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ta ni ó kọ́ ọ? Ta ni o ti fi wò, tí ara rẹ̀ sì yá?"

Eré tí kì í ṣe eré lásán

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí òṣùpá sì yọ, àgbàlá á kún. Òkòtó, àrín, bojúbojú àti ẹkùn mẹ́ran jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Ìjàkadì jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin. Lábẹ́ igi, àwọn àgbà yóò tẹ́ ọpọ́n ayò: ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, 48 lápapọ̀. Ọ̀ta yóò máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, inú kò sì gbọdọ̀ bí òpè. Ẹni tí kò bá lè gba èébú nídìí ayò kò ì tíì lè jókòó níbi tí a ti ń dá ẹjọ́ ìlú. Ní Antigua àti Barbados, àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ ṣì ń ta irú ayò yìí, ihò méjìlá àti ọmọ 48 kan náà. Warri ni wọ́n ń pè é.

Àlọ́ ní tirẹ̀ ní òfin. A kì í pa á lọ́sàn-án. Àlọ́ àpamọ̀ ni yóò ṣáájú kí ọpọlọ lè jí, kí àlọ́ àpagbè tó dé pẹ̀lú orin rẹ̀. Àgbà tí ń pa á kì í sọ fún ọmọ pé kí ó má ṣe ojúkòkòrò. Ìjàpá ni yóò ṣe ojúkòkòrò náà, tí ojú yóò sì tì í ní gbangba, tí ọmọ yóò sì gbe orin. Ohun tí àwọn babaláwo ń fi ẹsẹ Ifá kọ́ àgbà, ìyá àgbà ń fi Ìjàpá kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ní ti eré ńlá, Òkè-Ògùn ni ìtàn rẹ̀ kàn. Aláàfin Abípa ń gbé Ìgbòho nígbà tí ó pinnu láti dá ìjọba padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Wọ́n rán àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀ láti ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Ọba rán ọdẹ, wọ́n mú àwọn "iwin" náà, ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ Ọba Mọ́rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adedeji, tí ó ṣe ìwádìí eré alárìnjó, rí ìpilẹ̀ eré náà nínú ìtàn yìí. Nígbà tí Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, wọ́n ṣe eré fún un. Ó rí òjòlá tí ènìyàn fi aṣọ ṣe, ó sì rí òyìnbó tí ènìyàn dà, tí gbogbo ìran ń fi rẹ́rìn-ín níṣojú rẹ̀. Ẹ wo àwọn baba wa bí wọ́n ṣe láyà tó! Lábẹ́ agọ̀ eégún, ọ̀rọ̀ tí ojú lásán kò lè sọ di sísọ. Nígbà tí alárìnjó bá dé ìlú kékeré, ẹ̀rín ni ará ìlú ń lọ rín, ṣùgbọ́n ìtúfọ̀ àṣírí ọ̀kánjúwà àti ọ̀lẹ ni wọ́n ń bá padà sílé.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan náà ni ó so wọ́n pọ̀. Ọlọ́jà, ẹlẹ́wé àti apàlọ́, ojú gbogbo wọn kan ará ìlú. Ará ìlú mọ̀ wọ́n, ó lè bi wọ́n léèrè, ó sì lè dá wọn lẹ́jọ́. Ìyẹn ni a ní láti dá padà, kì í ṣe aṣọ ọdún nìkan.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ mẹ́ta lọ sí ìlú rẹ̀. Èkíní, ẹ kọ ọjọ́ ọjà sílẹ̀: ọjọ́ òrìṣà wo ni ó bọ́ sí, ìgbà wo ni ó yí padà bí ó bá ti yí, ta ni ó sì ń bọ Èṣù ọjà. Ẹ má ṣe bi àwọn ìjòyè nìkan. Ẹ bi àwọn ìyá tí wọ́n ti jókòó nínú ọjà náà láti kékeré. Èkejì, ẹ kọ ewé sílẹ̀: orúkọ rẹ̀ ní ẹnu ìlú yín, àwòrán rẹ̀, apá tí a ń lò, bí a ṣe ń lò ó, iye rẹ̀, ẹni tí kò gbọdọ̀ lò ó, àti ìgbà tí ó yẹ kí a sáré gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Awo tí a ti búra sí, ẹ fi sílẹ̀ fún awo. Ṣùgbọ́n ẹfinrin kì í ṣe awo, òrí kì í ṣe awo, ìyá yín ni ó ni wọ́n. Ẹ̀kẹta, ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin, kí ẹ kó àwọn ọmọ jọ lálẹ́ fún àlọ́ àti ayò. Fóònù tí à ń bínú sí pé ó gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ wa, ẹ fi gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ kí ó tó di pé a ń wá a.

Ìgbà 91 ni ọ̀sẹ̀ wa ń yí po lọ́dún. Bí a bá mú ìdá mẹ́rin péré lò nínú rẹ̀, a ó ti pàdé ju ìgbà 20 lọ kí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tó ń bọ̀ tó pé. Nígbà náà, ẹni tí ó bá wá sí ọdún kò ní jẹ́ àlejò nínú ilé baba rẹ̀.

Ọjà wa kò ní tú. Ewé wa yóò máa jẹ́. Àwọn ọmọ wa yóò gbe orin wa. Àṣẹ.